Báwo ni Ilé Ti Jìnnà Tó? Láti Bàrígà Dé Ayétòrò

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí á rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àdúrà tí àwọn bàbá wa máa ń gbà fún arìnrìn-àjò nìyí, ó sì bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo gbé wá ní alẹ́ yìí.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dúró ní etí ọ̀sà ní Bàrígà, ní àdúgbò tí a ń pè ní Ìlàjẹ, tí ó sì bi yín pé, "Báwo ni Ayétòrò ti jìnnà sí ibí yìí tó?" èsì wo ni ẹ ó fún un? Ìbéèrè náà rọrùn lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́rin, èsì mẹ́rin ni ẹ ó gbà, kò sì ní sí òpùrọ́ kankan nínú wọn. Olùkọ́ tí ó ní máàpù lọ́wọ́ yóò sọ tirẹ̀. Awakọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà Òkìtìpupa yóò sọ tirẹ̀. Atukọ̀ tí ó mọ ọ̀sà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ yóò sọ tirẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní ilé yóò sì sọ tirẹ̀. Mo fẹ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí á lè mọ èyí tí ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò ọ̀nà fún wa fi ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn kan nínú yín lè máa ronú pé kí ni ó da Bàrígà pọ̀ mọ́ Ayétòrò. Omi ni. Àwọn Ìlàjẹ jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá tí ilé wọn wà ní etí òkun, ní ìsàlẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹja pípa, ọkọ̀ kíkàn àti òwò orí omi ni iṣẹ́ ìran wọn. Nígbà tí wọ́n sì ń wá sí Èkó láti wá oúnjẹ òòjọ́, wọn kò fi omi sílẹ̀: ẹ̀bá ọ̀sà ni wọ́n tẹ̀ dó sí, ní Bàrígà, ní Mákòkò àti ní ibòmíràn. Ẹni tí ó bá dé etí omi Bàrígà lónìí yóò gbóòórùn ẹja yíyan, yóò sì rí àwọn ọkọ̀ tí ń kó yanrìn bọ̀ láti inú ọ̀sà. Ayétòrò ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan, tí a mọ̀ sí Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ̀ dó ní ọdún 1947 sí orí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí Òkun Àtìláńtíìkì. Wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni èrè wọn sì ń wọ̀, títí òkìkí ìlú náà fi kàn dé òkè òkun. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ fi ohun tí wọ́n ń wá hàn kedere: wọ́n fẹ́ kí ayé tòrò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ti olùkọ́. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Ó fi hàn wá pé àwọn ìlà kan wà tí ó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tí ó dábùú wọn; ó ní ní apá ibi tí a wà nínú ayé, láti ìlà kan dé èkejì tó nǹkan bíi kìlómítà 110. Láti Bàrígà, bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, Ayétòrò kò tó ìlà kan àti ààbọ̀. Bí a bá sì kọjú sí gúúsù, kò tó ààbọ̀ ìlà. Ó wá na okùn tààrà láti ibi kan dé ibi kejì, ó wọ̀n ọ́n, ó ní, "Nǹkan bíi kìlómítà 160 ni, ìyẹn ni 100 máìlì."

Olùkọ́ yìí kan náà ni ó bá wa ṣe ìṣirò ti ọkọ̀ òfuurufú. Bàálù ńlá tí ń kó èrò láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá lè sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti dé òkè. Bí irú rẹ̀ bá lè sá eré yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ìṣẹ́jú 12 péré ni yóò fi dé Ayétòrò. Ìyàwó ilé tí ó gbé omi ọkà kaná ní Bàrígà lè má tíì ro ọkà rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n olùkọ́ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ó ní kí á má ṣe tètè yọ̀. Bàálù kì í ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré bẹ́ẹ̀. Ó ní láti yí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pápá, ó ní láti gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó sì tún sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìrìn Èkó sí Àbújá, tí ó jẹ́ kìlómítà 500 ó lé díẹ̀, tí ìṣirò lásán sì sọ pé kò yẹ kí ó ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ, ń gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàálù kékeré tí abẹ̀bẹ̀ ń fà, tí eré rẹ̀ tó kìlómítà 250 ní wákàtí kan, yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 dé Ayétòrò. Ti hẹlikópítà kò ní fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, lójú olùkọ́, Ayétòrò kò jìnnà rárá. Ẹ̀yìn ilé Èkó ni ó wà.

Ó dára. Níbo ni bàálù náà yóò bà sí? Kò sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kankan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Omi, irà àti yanrìn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, àní orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí. Àkúrẹ́ ni pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà. Ẹni tí ó bá sì wọ bàálù dé Àkúrẹ́ ṣì ní ìrìn ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó lé ní kìlómítà 100 níwájú kí ó tó dé Igbókọ̀dà, ibẹ̀ ni yóò sì ti wá ọkọ̀ omi. A kò tíì ka wákàtí tí ó lò nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti Bàrígà dé Ìkẹjà, a kò sì ka èyí tí ó fi tò sórí ìlà kí wọ́n tó yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú tí a lò lójú ọ̀run kò tó nǹkan nínú ìrìn bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ ni àkókò ti ń tán.

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ti awakọ̀. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ ohun tí ń jẹ́ okùn tààrà. Ó ní láti Bàrígà, a ó jáde sí ọ̀nà Ìbàdàn, a ó dé Ṣágámù, a ó gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, a ó dé Orè. Ní Orè ni a ó ti yà sí ọwọ́ ọ̀tún lọ sí Òkìtìpupa, kí á tó wá dé Igbókọ̀dà, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ti parí fún ẹni tí ń lọ sí Ayétòrò. Ẹ fi ọkàn bá a lọ. Ayétòrò wà ní ìlà-oòrùn, ó sì sún mọ́ gúúsù díẹ̀; ṣùgbọ́n àríwá ni a kọ́kọ́ kọjú sí, a wá lọ sí ìlà-oòrùn, a sì tún padà sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù. Ọ̀nà náà dà bí ọrun ọdẹ. Okùn tí olùkọ́ nà ni ọṣán. Ibi tí awakọ̀ ń gbà ni igi ọrun tí ó tẹ̀ kòkòlò. Ìdí nìyí tí kìlómítà 160 fi di ohun tí ó lé ní 250 kí á tó fi ẹsẹ̀ kan omi.

Kí ni ti àkókò? Bí ọ̀nà bá dára, bí kò bá sí ìdádúró, bí ọkọ̀ kò bá sì bàjẹ́, wákàtí márùn-ún lè gbé ènìyàn dé Igbókọ̀dà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Orè ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "bí" tí mo kà sílẹ̀ yẹn pọ̀. Ní èbúté Igbókọ̀dà, ọkọ̀ omi kì í ṣí títí yóò fi kún. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé lè jókòó títí ara yóò fi ro ó. Lẹ́yìn náà ni ìrìn orí omi tí ó lè gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò sùn sí Igbókọ̀dà, nítorí pé omi kò ní iná ojú ọ̀nà. Báyìí ni ìrìn 100 máìlì ṣe ń gba gbogbo ojúmọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí á fi wé ohun mìíràn. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó kìlómítà 5,000. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni bàálù ń lò. Bí ọmọ ìyá méjì bá kúrò nílẹ̀ ní àkókò kan náà, tí ọ̀kan gbéra ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí èkejì sì gbéra ní Bàrígà lọ sí Ayétòrò, ẹni tí ó lọ sí ìlú òyìnbó lè ti gúnlẹ̀ kí ẹni tí ń lọ sí ilé bàbá rẹ̀ tó rí ọkọ̀ omi wọ̀. Bí a bá fi kìlómítà kà á, Lọ́ńdọ̀nù fi ìlọ́po 30 jìnnà ju Ayétòrò lọ. Bí a bá fi aago kà á, Ayétòrò ni ó jìnnà jù.

Ó ku atukọ̀. Atukọ̀ ní àwa ni a fi ọwọ́ ara wa sọ ilé di ọ̀nà jíjìn. Ó ní kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó dé, omi ni ọ̀nà. Ẹni tí ó gbéra ní etí ọ̀sà yóò kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò kọjá Ẹ̀jìnrìn, níbi tí ọjà ńlá wà láyé àtijọ́ láàárín àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Èkó; yóò dé Ẹ̀pẹ́, yóò bọ́ sí ọ̀sà Lẹ́kí, yóò sì gba ojú omi tóóró wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àjẹ̀, ọ̀pá àti ìgbòkun ni wọ́n ń lò, ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n sì ń fi rìn ín. Ó lọ́ra nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo máàpù dáadáa: ọ̀nà omi yìí sún mọ́ okùn olùkọ́ ju ọ̀nà awakọ̀ lọ. Bí a bá fi ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ rìn ín lónìí, tí eré rẹ̀ sì tó kìlómítà 40 ní wákàtí kan, kìlómítà 160 yẹn yóò gba wákàtí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí á fi wákàtí kan tàbí méjì kún un fún ibi tí omi bá ti yípo. Síbẹ̀, kò sí wíwọ ọkọ̀ sísọ̀ ọkọ̀ ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin.

Kí ló dé tí a kò gbà á mọ́? Ọkọ̀ akẹ́rù dé, ọ̀nà ọ̀dà dé, owó ìjọba sì tẹ̀lé e lọ sí orí ilẹ̀. Omi tí a kò tọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún yanrìn àti igi. Ní àwọn ọdún 1980, koríko odò kan tí òdòdó rẹ̀ dára lójú wọlé láti ìhà Bàdágìrì, ó sì bo ojú omi láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn ará Igbókọ̀dà sọ ọ́ ní gbéborùn, nítorí pé bí olófòófó ni ó ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì láìsí ẹni tí ó pè é. Ó ń lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, ó ń sé ojú ọ̀nà, apẹja kò sì lè na àwọ̀n rẹ̀. Ọṣán ọrun já, igi ọrun nìkan ni ó kù sí wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Ọlọ́run ni ó dá a bẹ́ẹ̀. Níbi tí a bá ti fẹ́ kí ọ̀nà tọ́, ó ń tọ́. Ẹ wo afárá Third Mainland tí a parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Iwájú Bàrígà gan-an ni ó ti kọjá, lórí ọ̀sà, kí òṣìṣẹ́ lè tètè dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Omi kò dí i lọ́wọ́. Ẹ sì rántí oṣù Karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ dúró sí ibùdó epo Parabe nínú òkun, tí wọ́n ń béèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe sí àyíká wọn. Hẹlikópítà ni ó gbé àwọn ọmọ ogun dé ibẹ̀. Ẹ̀mí ọ̀dọ́ méjì ni ó sọnù. Ní ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sọ pé etí òkun Ìlàjẹ jìnnà jù.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní ilé. Òun kò ka kìlómítà, kò sì ka wákàtí. Ohun tí ó ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Ǹjẹ́ n ó bá a láyé?" Ẹ fi ojú inú wo aboyún tí ọmọ dábùú sí nínú ní Ayétòrò ní agogo méjìlá òru. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Igbókọ̀dà àti ní Òkìtìpupa. Lórí máàpù, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tu ọkọ̀ ní òru? Níbo ni epo ọkọ̀ wà? Ta ni ó dúró dè é ní èbúté? Ní Ṣómólú, ní àdúgbò àwọn onítẹ̀wé, ojoojúmọ́ ni ẹ ó rí ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn tí ń gbé òkú lọ sílé. Mo máa ń wò wọ́n, mo sì máa ń bi ara mi pé, nínú àwọn tí a tẹ àwòrán wọn yìí, mélòó ni àìsàn pa, mélòó sì ni ọ̀nà pa?

Òkun pàápàá kò dúró de awakọ̀. Ó ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò. Ilé tí bàbá kọ́ ti wọ omi, òpópónà tí ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀ ti wọ omi, àwọn ará ìlú sì ń sún sẹ́yìn títí ilẹ̀ tí wọn yóò sún sí fi ń tán. Nígbà tí omi bá ru dé ẹnu ọ̀nà wọn lóru, kò sí ẹni tí ó lè ti Èkó tàbí Àkúrẹ́ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrànwọ́ tí yóò lo odidi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà kò yàtọ̀ sí ìrànwọ́ tí kò wá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Kí gbogbo wọn kó wá sí Èkó." Mo fi Bàrígà dá a lóhùn. Ǹjẹ́ àyè ṣì wà ní Bàrígà? Ẹni tí ó ní kí odidi ìlú kó wá bá wa, kí ó kọ́kọ́ fi yàrá hàn wá. Ta ni yóò sì pa ẹja tí a ń jẹ bí apẹja bá di agbèrò? Ẹlòmíràn yóò ní, "Ṣé kí á wá kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú sí gbogbo abúlé ni?" Rárá o. Èmi kò bèèrè ìṣẹ́jú 12. Olówó ni yóò wọ bàálù náà, òun sì ni yóò sọ pé ọ̀nà ti dára.

Ohun tí mo ń bèèrè kò tó iye owó pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kí á tún ọṣán ọrun so. Kí á kó gbéborùn àti yanrìn kúrò lójú omi láti Ẹ̀pẹ́ dé Igbókọ̀dà. Kí èbúté tí ó dúró dáadáa wà, kí ọkọ̀ sì máa ṣí ní agogo tí a dá, bí ó kún, bí kò kún. Kí ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó wà fún gbogbo èrò. Kí ọkọ̀ aláìsàn kan wà lórí omi tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú epo nínú rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2024 ni Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar, tí wọ́n ní gígùn rẹ̀ yóò tó kìlómítà 700. Ọ̀nà náà yóò la Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tètè bèèrè ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀nà yóò ti yà wọ inú àwọn ìlú etí omi, kí ó má baà jẹ́ pé yóò kọjá lẹ́yìn wọn bí afárá ti kọjá níwájú Bàrígà.

Nítorí náà, bí ẹni yẹn bá tún bi yín ní etí ọ̀sà pé báwo ni Ayétòrò ti jìnnà tó, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Ẹ ní kìlómítà 160 ni lójú ẹyẹ. Ó lé ní 250 lójú awakọ̀, omi ṣì kù. Odidi ọjọ́ kan ni lójú ẹni tí ń rìn ín. Kí ẹ sì fi kún un pé ìyá tí ń ṣàìsàn lè má ní odidi ọjọ́ kan yẹn. Òun ni kí àwọn tí ń ṣètò ọ̀nà fi ṣe òṣùwọ̀n.

Mo dákẹ́ díẹ̀ ná, kí àwọn tí a jọ jókòó lè sọ tiwọn, kí wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè. Ẹni tí ń lọ, kí ó lọ ire. Ẹni tí ń bọ̀, kí ó bọ̀ ire.